Ẹ̀rọ Tí Kì í Pariwo

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Tú-u-wò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò fi iṣẹ́ pa ọ́? Àwa ń bẹ láyé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ilé kò rí bó o ṣe fi í sílẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí ìdí tí mi ò fi ní kí Télọ̀ aládùúgbò wa pè ọ́ lórí fóònù rẹ̀. O mọ etí mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ohùn inú fóònù kò yàtọ̀ sí eṣinṣin létí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kó gba ẹnu ará ìta kọjá.

Ọ̀fun tó ń dun ìyá rẹ kì í ṣe òtútù. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àrùn ti jẹ ibi tí ohùn ti ń jáde, àfi kí wọ́n gé e kúrò kó tó ràn lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá gé e, yóò yè, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní kí ìyá rẹ jókòó nísinsìnyí tí ohùn ṣì wà, kó máa sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójoojúmọ́ sínú láptọ́ọ̀pù. Tó bá yá, yóò máa tẹ bọ́tìnnì, ohùn tirẹ̀ gan-an yóò sì máa jáde. Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ó ń dán bíi dígí, kò sì wọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbé e lọ. Bó bá bàjẹ́, ẹ wá pa mí.” Mo ní bí mo bá pa á, ta ni yóò wá tún láptọ́ọ̀pù ṣe?

Èwo ni ká rà? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Má fi èsì falẹ̀. O mọ̀ pé nínú gbogbo ohùn tó wà láyé, ti ìyá rẹ nìkan ló kù tí mo ń gbọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Ó mọ ibi tó ń sọ ọ́ sí.

Bàbá rẹ, Atẹ̀wé


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí Màmá mi Agbẹ̀bí. Ẹnu iṣẹ́ ni lẹ́tà yín ti bá mi. Mo kà á tán, mo wọ yàrá tí a ń kó páálí òfìfo sí, mo dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Mi ò lè wálé, Bàbá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ẹ má bínú. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n ṣe.

Àwọn tí láptọ́ọ̀pù wọn ti kú ló ń wá bá wa ní ibi iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń tú u, tí mo máa ń yọ ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ti kú ni mo fi mọ èyí tó dára. Ẹ̀yin náà bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ má wo dídán. Ẹ di igun kan rẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbé e. Bó bá tẹ̀, tó sì dún wẹ́ẹ́, àgbékiri inú ilé ìwòsàn yóò já ohun tó wà nínú rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé, kí ẹ wo ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara rẹ̀. Nínú èyí tí kò dára, ike ni ìdè náà dè mọ́, ike kì í sì í pẹ́ kó tó ya. Nínú èyí tó dára, irin ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín: ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ kó sì dìde padà, kó má rì bíi tìmùtìmù. Ẹ bi wọ́n bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n orí gbogbo rẹ̀ ni ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí. Nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́, àwo irin kan wà tó ń yí, abẹ́rẹ́ kan sì ń rìn lójú rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ àwo orin nígbà èwe yín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fara kan àwo láé. Ọjọ́ tó bá fara kàn án, ó parí. Tuntun tó dára kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀.

Èyí tí ọkùnrin yẹn fi hàn yín, mo ti tú irú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Níbí ni màá ti ra èyí tó dára, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ wálé yóò sì gbé e wá. Ó wọ́n jùyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹ má bá mi jà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohùn Màmá kì í ṣe ohun tí a ń wá ẹ̀dínwó sí.

Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ tó wà lórí àpótí ìwé, ẹ má lò ó o. Òun ni mo fi kọ́ iṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ọmọ yín, Tú-u-wò


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Tú-u-wò,

Ọ̀rẹ́ rẹ ti gbé e dé. Ọmọlúàbí ni. Ó kọ̀ láti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Àbí o ya wèrè ni? Mo mọ iye tí irú nǹkan yìí ń jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́. Bàtà tó o wọ̀ nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sí wa, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń là. O wá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra irin pẹlẹbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ, ṣùgbọ́n o kò ṣe é re.

Ìyá rẹ fi ọwọ́ pa ara rẹ̀ bí ẹni ń pa ara ọmọ tuntun. Mo tan án, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́wọ́. Kò mì, kò gbọ̀n. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ ti kọṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ tàn rokoṣo, mo sì gbà pé ayé ti yí. A ti rí ibi tó dára gbé e sí, eruku kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀. “Omi.” “Ó ti tó.” “Ta ni yẹn?” “Bàbá Tú-u-wò, ẹ wá jẹun, àbí ìwé ìròyìn lẹ fẹ́ jẹ?” Ó ní dandan ni kí “Rọra tẹ̀ ẹ́, ìyá, ó kù díẹ̀” wà níbẹ̀. Mo ní ó ti fẹ̀yìn tì, ta ló fẹ́ gbẹ̀bí fún? Ó ní obìnrin kì í fẹ̀yìn tì nínú ìbímọ, wọ́n á ṣì máa wá.

Kí la tún lè fi kún un?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Bàtà mi kò ní nǹkan kan, mo ti lẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ ti fèrèsé. Ẹ pa fáànù. Kí Màmá jókòó síbi kan náà lójoojúmọ́, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí láptọ́ọ̀pù bíi gígùn apá kan, kí ohùn má baà lọ sókè sódò. Ọ̀rọ̀ kan, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tó sọ òmíràn. Kó má ju ìdajì wákàtí lọ lójúmọ́, ọ̀fun rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ.

Èyí tó kàn yìí, ẹ bá mi fà á nílà. Nínú páálí rẹ̀, lábẹ́ ìwé àlàyé, mo fi fíláàṣì kékeré kan tó ń tọ́jú ẹ̀dà nǹkan síbẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá parí, ẹ da ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì náà. Ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, kò sí níbì kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà wa nìyẹn nígbà tó bá ti bọ́ sórí.

Ẹ ní kí n fi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ kó tó kí mi rárá: “Tú-u-wò, ṣé o ti jẹun?” Mo máa ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun mìíràn tó lè bi mí. Ẹ jẹ́ kó bi mí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Tú-u-wò mi,

Iṣẹ́ ń lọ. A ti sọ ọ̀rọ̀ bí igba. Ohùn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ti àárọ̀ ló dára jù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀jẹ̀ bá itọ́ jáde, a fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

A ti sọ tìrẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́, torí ẹkún ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn mọ́ tónítóní. Mo gbé etí lé ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ ọ. Èmi tí mi ò gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn ara mi, mo gbọ́ “ṣé o ti jẹun.”

Ẹ̀rọ náà ń ṣe gudugudu méje. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé e bó bá ń ṣiṣẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́: tọ, tọ, tọ, á dákẹ́ díẹ̀, tọ, tọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń le sí i. Inú mi dùn. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa bá wọ ìwé dáadáa. Ìyá rẹ ní bóyá kí òun kúrò nílé fún èmi àti ẹ̀rọ ni. Ó ń gbóná díẹ̀, mo fi pátákó méjì gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Fíláàṣì tó o wí, a ó rí i tó bá yá. Kò sí ohun tó ń lé wa.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín. Òní ni lẹ́tà yín dé. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀rọ tí mo rà kò lè dún tọ. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò sí ohun tó lè kan ara wọn. Kò ní fáànù pàápàá. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e fún ọdún kan, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bàbá, ẹ̀rọ wo lẹ ń lò?

Mo mọ ìró yẹn ju bí mo ṣe mọ orúkọ mi lọ. Abẹ́rẹ́ ló ń wá ọ̀nà tí kò rí mọ́, tó ń padà lọ gbá ògiri. Kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń kú ni.

Mo ti pe Télọ̀ nígbà mẹ́sàn-án, wọ́n ní ó ti pa fóònù rẹ̀. Mi ò ní nọ́ńbà ẹlòmíràn ní àdúgbò, ọ̀rẹ́ mi sì ti lọ sí ìlú tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé. Mo ń gbé lẹ́tà yìí fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù kánkán, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin.

Bí wọ́n bá ti sún iṣẹ́ abẹ síwájú, bí Ọlọ́run bá fún wa ní ọjọ́ kan péré, ẹ gbé tuntun jáde, kí Màmá tún àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ. Kó sọ èyí tó bá lè sọ. Bó bá jẹ́ ogún, kó jẹ́ ogún.

Bó bá ti bọ́ sórí, ẹ pa èyí tó ń dún tọ yẹn. Ẹ má tàn án mọ́, ẹ má ní kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, abẹ́rẹ́ ń ha ojú àwo, ohun tó bá sì ha kò ní padà.

Tú-u-wò


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ wà láàyè. Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ihò kékeré kan wà ní ọrùn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ló ti ń mí. Dókítà ní ó mọ́, àrùn kò ràn.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni lẹ́tà rẹ dé. Télọ̀ ti lọ sìnkú ní ìlú ìyá rẹ̀, kò sí nílé.

Láptọ́ọ̀pù rẹ àtijọ́ la lò. Tuntun wà nínú páálí rẹ̀, páálí wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú aṣọ, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Fíláàṣì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni mo ní ká má lò ó, ká má baà bà á jẹ́, kó o lè bá a ní tuntun lọ́jọ́ tó o bá dé. Má bi ẹlòmíràn. Èmi ni.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ padà sí wọ́ọ̀dù, tí oorun dá lójú rẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ lé e nítan. Ó tẹ “Omi.” Kò jáde. Mo pa á, mo tàn án. Kò jáde. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Mo ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ṣe máa ń gbá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bó bá gbé ìwé mì. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo mọ ohun tí mo ti ṣe.

Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí síléètì. Bí mo bá yí ẹ̀yìn sí i, kò ní bó ṣe lè pè mí. Èmi kò gbọ́ràn, òun kò lè sọ̀rọ̀. Ilé wa nìyẹn.

Mo ti gbé òkú ẹ̀rọ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ, ó ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti yọ ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú.

Mo ti ṣe é. Yàrá kan wà níbi iṣẹ́ wa tí eruku kò gbọdọ̀ wọ̀, a máa ń wọ aṣọ funfun bo orí bo ẹsẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣí i. Abẹ́rẹ́ ti ha òrùka mọ́kànlá sójú àwo, lẹ́búlẹ́bú dúdú sì kún inú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ni ohùn Màmá. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ nígbà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní bó bá jẹ́ ti oníbàárà, òun ìbá ti dá owó rẹ̀ padà fún un.

Nínú bí igba ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ni mo rí yọ. Kì í ṣe ọ̀kan nínú èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ẹ̀rọ ti ń gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí.

Ẹ̀yin ń pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò: “Ká kúkú gbé tuntun yẹn jáde! Ọmọ ní òun ni ká lò!”

Màmá ní: “Ẹ gbé e padà sínú páálí rẹ̀. Ọmọ yẹn ń fi bàtà tó là rìn, ẹ fẹ́ lo ohun tó dára kí òun fúnra rẹ̀ tó dé wá lò ó? Tirẹ̀ ni. Ẹ gbé e padà.”

Ó tán síbẹ̀.

Bàbá, ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n má bi ẹlòmíràn. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni. Èmi ló yẹ kí n wí fún yín pé tiyín ni, kì í ṣe tèmi. Mo ṣàlàyé ìdè, mo ṣàlàyé bátìrì, mo ṣàlàyé àwo. Ẹyọ gbólóhùn yẹn ni mi ò kọ.

Mo fi ohùn náà sórí fíláàṣì mìíràn tó wà nínú lẹ́tà yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí Màmá gbọ́ ọ. Ẹ fi sí ara tuntun, kí ẹ gbé etí lé e lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá pinnu. Bí ẹ bá jù ú nù, mi ò ní béèrè.

Ọmọ yín, Tú-u-wò


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Tú-u-wò,

Ṣé o ti jẹun?

Èmi ni mo ń kọ èyí fúnra mi. Ọwọ́ tó ti gba ọmọ tó pọ̀ tó báyìí, lẹ́tà lásán ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ọjọ́ méjì ni bàbá rẹ fi fíláàṣì yẹn pamọ́ sápò àyà. Kò mọ̀ ọ́n pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí síléètì pé, “Kí ló ń dùn yín láyà?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbi tó ti ń rún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́wọ́, ó wá fi lẹ́tà rẹ hàn mí.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi abẹ gé ọ̀rá náà, bí mo ṣe máa ń gé ìwọ́ ọmọ. A gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, a gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, bí mo sì ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ ti ń gba ẹ̀bi mi láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ pé ó tó.

Ó fẹ́ pa á rẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀rọ tó o rà dára, ọmọ mi. O ò parọ́. Mo gbé e sókè ní igun kan, kò tẹ̀. Kì í gbóná, kì í pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ. Láràárọ̀, kí bàbá rẹ tó bọ́jú, ó máa ń lọ tẹ̀ ẹ́, á gbé etí lé e lẹ́yìn, á sì gbọ́ ohùn mi tó ń ní kó gbé e padà sínú páálí. Á ní, “Mo ti gbọ́.”

Á wá fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ìyá rẹ